Rédíò Sátẹ́láìtì Nínú Ọkọ̀ Tòkunbọ̀: Ẹ Má Ra Ẹyẹ Tí Ń Bẹ Lófurufú



Àwọn oníṣòwò wa tí ń náwó nínú ọjà láti Ìkòrò dé Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n a máa ra ọkọ̀ tòkunbọ̀. Lára rédíò ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, bọ́tìnì kan wà tí a kọ SAT tàbí XM sí. Òǹtajà mìíràn a nawọ́ sí i, a ní, "Sátẹ́láìtì ni èyí o, Alàájì," a sì bu owó lé ọkọ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a san owó náà? Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ní i ńkọ́, ṣé kí ó lọ rà á kún un?

Ìdáhùn wa ni pé rárá. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ rẹ̀, rédíò náà kì í ṣe ẹ̀tàn. XM bẹ̀rẹ̀ ní 2001, Sirius tẹ̀lé e ní 2002. Ní 2008 àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Awakọ̀ ibẹ̀ a san àsansílẹ̀, a sì máa gbọ́ ibùdó kan náà láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n Àríwá Amẹ́ríkà ni wọ́n kọjú ẹ̀rọ tí ń bẹ lójú ọ̀run náà sí. Bí ọkọ̀ bá ti la òkun dé ọ̀dọ̀ wa, bọ́tìnì náà di etí tí kò gbọ́rọ̀ mọ́.

Áfíríkà náà ti ní tirẹ̀ rí. Noah Samara, tí a bí ní Ẹtiópíà, dá WorldSpace sílẹ̀ ní 1990. Ní October 1998 ni sátẹ́láìtì AfriStar gòkè nítorí tiwa. Rédíò ọ̀tọ̀ ni olùgbọ́ ní láti rà. Owó tí ń wọlé kò tó èyí tí ń jáde. Ní October 2008 gbèsè gbé ilé iṣẹ́ náà dé kóòtù, ohùn rẹ̀ sì ti dákẹ́.

A mọ ohun tí ń fa ọkàn ènìyàn sí i. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa. Bí òkè Ẹ̀fọ̀n bá dí ọ̀nà mọ́ FM, ohùn a já nígbà tí tàfúsírì ààwẹ̀ ń dùn lọ́wọ́. Bọ́tìnì yẹn kò lè tún un ṣe. Kí a gba wáàsí sínú fóònù kí a tó kúrò nílé, kí a sì so ó mọ́ rédíò ọkọ̀: ìyẹn kò wọ́nwó.

Ẹ̀yin òǹtajà, àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn kọ́ wa pé a kì í ta ẹyẹ tí ń fò lófurufú, nítorí a kò lè fà á lé olówó lọ́wọ́. Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ti bọwọ́ sínú òkìtì ọkà kan lọ́jà rí, ó bá a tútù nísàlẹ̀. Ó bi olóhun pé èéṣe tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara àwọn tirẹ̀. Rédíò tí kò lè fọhùn ni ọkà tútù ti òde òní. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gbowó.

Ẹ̀yin olùrà, ẹ ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnì náà kí ẹ gbọ́. Bí kò bá fọhùn lójú yín, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún owó ọkọ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ fi owó yín wá bíréèkì tí ó mú àti táyà tí ó le, nítorí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n kò mọ Alàájì yàtọ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba fi àlùbáríkà sí òwò wa. Àmín.