Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Àlàyé lórí Kọ̀ǹpútà Tí Kò Jí Dáadáa

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè ní yunifásítì, inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni iṣẹ́ ọdún púpọ̀ wà: àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, máàkì ìdánwò, àti ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí púpọ̀ nínú wọn ti papòdà. Bí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò bá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a sábà máa ń gbọ́: 'Kọ̀ǹpútà ti kú.' Gbólóhùn yìí gan-an ni ewu. Bí a bá ti sọ fún oníṣẹ́ pé ẹ̀rọ ti kú, ohun tí ó rọrùn jù fún un ni kí ó fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ó nu díìsìkì náà mọ́ kí ó sì tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ a jí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ a ti lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kọ̀ǹpútà kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele-ìpele ni ó ń jí, ibi tí ó bá sì dúró sí ni ó ń tọ́ka sí ohun tí ó ń ṣe é. Ìpele náà jẹ́ mẹ́rin: gbígba iná, àyẹ̀wò ara ẹni, wíwá díìsìkì, àti gbígbé Windows dìde. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì àkọ́kọ́ kò kan iṣẹ́ tí a kó pamọ́ rárá.

Ìpele Kìíní: Gbígba Iná

Ẹ̀rọ tí kò gba iná kì í tan iná kankan, fáànù rẹ̀ kì í sì í yí. Ara ògiri ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó fi nǹkan mìíràn dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Nígbà tí iná bá dúró ire, a ó yọ UPS kúrò láàárín, a ó sì ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní tààrà láti fi dán an wò, nítorí pé UPS tí bátìrì rẹ̀ ti gbó lè má jẹ́ kí iná kọjá. A ó tún wo súìṣì kékeré tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, nítòsí ibi tí wáyà gbà wọlé, bóyá ẹnìkan ti pa á. Lẹ́yìn èyí, a ó yọ wáyà iná, a ó tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí a tó dá wáyà padà. Iná tí ó ṣẹ́kù sínú ẹ̀rọ a jáde, òmíràn a sì jí.

Lẹ́yìn àwọn tòkunbọ̀ kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá, súìṣì pupa kan wà tí a kọ 115 àti 230 sí. 230 ni ti Nàìjíríà. Bí a bá fi í sórí 115 tí a sì tan án, páwà-páàkì, ìyẹn àpótí tí ó ń pín iná fún àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ, a jó. Pípààrọ̀ ni páwà-páàkì tí ó bá jó. Kí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ má ṣe tú u, nítorí iná lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà.

Ìpele Kejì: Àyẹ̀wò Ara Ẹni

Láti ìgbà tí IBM ti gbé PC rẹ̀ jáde ní 1981 ni irú ẹ̀rọ yìí ti máa ń yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó ṣe ohunkóhun. POST ni àwọn oníṣẹ́ ń pe àyẹ̀wò yìí. BIOS, ètò kékeré tí ó wà lórí bọ́ọ̀dù, ni ó ń ṣe é. Bí RAM tàbí ẹ̀yà tí ó ń gbé àwòrán sójú kò bá dáhùn, fáànù a máa yí ṣùgbọ́n mónítọ̀ a dúdú, ẹ̀rọ a sì lè máa ké 'píì, píì'. Igbe yìí kì í ṣe ariwo lásán, àrokò ni. Gẹ́gẹ́ bí àrokò, ọwọ́ ẹni tí ó pa á ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà, nítorí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan ìtumọ̀ igbe tirẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí a ka igbe náà, kí a kọ èyí tí ó gùn àti èyí tí ó kúrú sílẹ̀, kí a sì wo ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀rọ náà.

Kí a tó tú ẹ̀rọ, kí a wo wáyà mónítọ̀ bóyá ó dúró dáadáa. Bí kò bá sí àléébù níbẹ̀, RAM ni a ó kọ́kọ́ fura sí, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́, nígbà tí eruku ti wọ inú ẹ̀rọ. A ó yọ wáyà iná, a ó fi ọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀rọ kí iná ara wa má baà ba RAM jẹ́, a ó sì yọ ọ́. Rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa ohun tí a fi pẹ́ńsù kọ rẹ́ ni a ó rọra fi nu etí rẹ̀ tí ó ń dán. Lẹ́yìn náà, a ó tì í padà títí yóò fi dún. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, a ó máa dán wọn wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìpele Kẹta: Wíwá Díìsìkì

Bí ọ̀rọ̀ bá ti hàn lójú mónítọ̀, ìpele kejì ti kọjá nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ a máa dúró níhìn-ín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ 'Non-system disk or disk error' nítorí pé ẹnìkan gbàgbé flọ́pì sínú rẹ̀. Lóde òní, fláàṣì tí a gbàgbé sára ẹ̀rọ lè fa irú rẹ̀. Yíyọ ni a ó kọ́kọ́ yọ ọ́.

Bí aago ẹ̀rọ bá ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá yọ iná, bátìrì pẹlẹbẹ orí bọ́ọ̀dù ni ó ti gbó. CR2032 ni orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 3 fóòtì. Bí ó bá gbó, BIOS lè gbàgbé díìsìkì tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò.

Lẹ́yìn èyí, a ó wo inú BIOS bóyá orúkọ díìsìkì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, kí a tún wáyà rẹ̀ méjèèjì kì. Ṣùgbọ́n bí díìsìkì tí ń yí bá ń dún 'kẹ́kẹ́kẹ́', kí a pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, kí a má sì tún un tàn. Gbogbo ìgbà tí a bá tún un tàn ni ó lè máa ba ohun tí ó ṣẹ́kù jẹ́.

Ìpele Kẹrin: Gbígbé Windows Dìde

Bí àmì Windows bá hàn tí ẹ̀rọ sì dúró síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí díìsìkì wà láàyè kí ó jẹ́ pé ètò orí rẹ̀ ni ó dàrú. Bí Windows 10 tàbí 11 bá kùnà léraléra, ó máa ń gbé ojú-ewé àtúnṣe jáde fúnra rẹ̀. Startup Repair ni a ó kọ́kọ́ yàn, lẹ́yìn náà Safe Mode. Ibẹ̀ náà ni 'Keep my files' àti 'Remove everything' wà. Ọ̀kan ń dá fáìlì sí, èkejì ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Kí A Tó Gbà fún Fọ́máàtì

Kò sí àtúnṣe tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ṣíṣe ẹ̀dà. A lè yọ díìsìkì kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì kó fáìlì jáde. Bí BitLocker bá ti tì í, kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 ni yóò ṣí i. Kí a ti kọ ọ́ pamọ́ ṣáájú àìsàn.

Fún onímọ̀ Yorùbá, fáìlì nìkan kò tó. Ṣáájú kí Unicode tó gbilẹ̀, fọ́ǹtì àkànṣe ni a fi tẹ ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Bí fọ́máàtì bá nu fọ́ǹtì náà lọ, ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn inú iṣẹ́ a di àmì tí kò nítumọ̀. Kí a kó fọ́ǹtì pẹ̀lú fáìlì.

Àgbálọgbábọ̀

Dípò 'Kọ̀ǹpútà ti kú', gbólóhùn mẹ́rin ni ó yẹ kí ó wà lẹ́nu ẹni tí ó ń pe oníṣẹ́: 'Kò gba iná', 'Ó gba iná, kò gbé nǹkan sójú', 'Ó gbé nǹkan sójú, kò rí díìsìkì', 'Ó rí díìsìkì, Windows kò dìde.' Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú tirẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ní dandan kí a pa iṣẹ́ inú ẹ̀rọ rẹ́. Ní ti ọjọ́ iwájú, igi gògòrò má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: kí ẹ̀dà iṣẹ́ jẹ́ mẹ́ta, kí ó wà lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn tí kì í ṣe ọ́fíìsì kan náà. Ohùn àgbà tí ó ti lọ kò ṣeé padà lọ gbà.