Kí A Tà Á, Tàbí Kí A Tún Un Ṣe?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ohun kan wà tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó ti gbó, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé kí a tà. Ní ilé ẹlòmíràn, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ni. Ní ilé tiwa, mọ́tò ni.

Toyota Celica ni mọ́tò náà, aláwọ̀ pupa, onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1979. Bàbá wa, ọmọ bíbí Ìgbayè, ni ó rà á ní ọdún 1980, nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣì ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba lè ra ọkọ̀ tuntun. Bí Bàbá bá gbéra láti Ìkìrun, tí ó kọjá Inísà àti Òkukù, tí ó yà sí Ìgbayè, àwọn ọmọdé á ti gbọ́ ohùn mọ́tò náà kí wọ́n tó rí i. Mọ́tò yìí ni ó gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Òun náà ni ó gbé àkọ́bí wa wálé láti ilé ìwòsàn. Nígbà tí Bàbá fi ayé sílẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé baálé ilé wa lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń pè é ní Mọ́tò Bàbá.

Bàbá a máa fi mọ́tò yìí yangàn. Ọdún 1970 ni àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Celica, fún ẹni tí ó fẹ́ ọkọ̀ tí ó yára tí ó sì rẹwà. Ní ọdún 1983, ọmọ ilẹ̀ Sweden kan tí ń jẹ́ Björn Waldegård fi Celica gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje mọ́tò ti Côte d'Ivoire. Ní ọdún 1984, ó tún gba ipò kìn-ín-ní nínú Safari Rally ní Kenya. Ilẹ̀ Adúláwọ̀ níbí ni wọ́n ti sáré náà, lórí eruku àti kòtò bíi tiwa. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣe mọ́tò eré ìje wọ̀nyẹn lákànṣe ni, wọn kò rí bí èyí tí ó wà ní àgbàlá wa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá?

Òru Ọjọ́ Kan ní Ìgbayè

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá má di ìpinnu bí kì í bá ṣe ti òru ọjọ́ kan. A lọ kí Màmá ní Ìgbayè ní ìparí ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago kan òru, a gbọ́ tí Màmá ń pè wá. Èémí kò dán mọ́ràn ní àyà rẹ̀. Ó di dandan kí a gbé e lọ sí Òṣogbo.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ mọ́tò onílẹ̀kùn méjì mọ bí ó ti rí. Ẹni tí yóò jókòó sẹ́yìn gbọ́dọ̀ tẹ àga iwájú síwájú, kí ó tẹ̀ ba, kí ó sì rá wọlé. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kò sì ṣe é tẹ̀ dáadáa mọ́. Bí a bá ní kí ó jókòó síwájú, kò sí ẹni tí yóò lè dì í mú láti ẹ̀yìn. A gbìyànjú ẹ̀yìn, kò ṣeé ṣe. A dá a padà síwájú. Nígbà tí gbogbo wa wọlé tán, mọ́tò kọ̀, kò ṣí. Wáyà kan tí ó ti jẹra ni ó já lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó ṣe mọ́tò náà. Ohun tí ó ti lò ju ogójì ọdún lọ kò lè má gbó.

Aládùúgbò wa kan ni ó gbé mọ́tò tirẹ̀ jáde, tí ó gbé Màmá dé Òṣogbo. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, Màmá yè é. Ṣùgbọ́n bí a ti jókòó sí iwájú wọ́ọ̀dù ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwa tọkọtaya kò lè wo ojú ara wa. Ohun kan náà ni ó wà ní ọkàn àwa méjèèjì.

Ẹni Tí Ó Fẹ́ Pààrọ̀

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí baálé ilé wa dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò mọ́tò kan. Ó rí Celica mìíràn níbẹ̀, tókunbọ̀, ti ọdún 2003, tí ń dán bí ojú dígí. Irú èyí ni ìkẹyìn tí wọ́n ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2006. Oníṣòwò náà ní: “Alàgbà, ẹ mú ti àtijọ́ wá, ẹ fi owó díẹ̀ lé e, kí ẹ wa èyí lọ sílé.” “Owó díẹ̀” tí ó wí yìí ju ohun tí a ní ní báńkì lọ.

Baálé ní kí a yá ìyókù ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ìyàwó béèrè pé: “Bàbá àwọn ọmọ, ilẹ̀kùn mélòó ni èyí ní?” Méjì ni. Ilé dákẹ́.

Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Mélòó nínú wa ni kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí? A ní ìṣòro kan, a sì lọ ra ìṣòro kan náà ní ọ̀dà tuntun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. A gbàdúrà, a sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun Tí A Kọ Sínú Ìwé

Lẹ́yìn èyí, a jókòó ti bébà àti bírò. A rántí àkàwé Olúwa wa nínú Lúùkù orí kẹrìnlá, nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó yẹ kí ó ṣírò owó rẹ̀ kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ni a bi ara wa.

Èkíní: Iṣẹ́ wo ni a fẹ́ kí mọ́tò ṣe fún ilé yìí nísinsìnyí? Ní ọdún 1980, èèyàn méjì ni ó ń wọ̀ ọ́. Lónìí, ọmọ mẹ́ta àti ìyá àgbà ni ó wà nílé. Celica àtijọ́ kò gbà wá, tuntun náà kò sì gbà wá. Ó tún lọ sílẹ̀ débi pé bọ́ǹpù ojú títì yóò máa ha á nínú.

Èkejì: Èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́? Kì í ṣe owó ìrà nìkan. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà epo kan sì fò láti nǹkan bí náírà 190 dé nǹkan bí náírà 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí náírà 470 kọjá 1,400 ní ọdún 2024. Dọ́là ni a fi ń ra tókunbọ̀ àti ẹ̀yà ara mọ́tò láti òkè òkun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yáwó ra mọ́tò tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, yóò tún yáwó kí mọ́tò náà lè máa rìn.

Ẹ̀kẹta: Ta ni yóò máa tún un ṣe? Kábúrétọ̀ ni ó ń pín epo nínú mọ́tò Bàbá, ọ̀gá mẹkáníìkì wa sì lè tú u palẹ̀ ní ojú dídì. Nínú mọ́tò ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe é, ó sì ń fẹ́ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kẹrin: Ewu wo ni ó wà níbẹ̀? Mọ́tò ọdún 1979 kò ní àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba èèyàn sílẹ̀ bí mọ́tò bá kọlu nǹkan. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti gbó. Ìfẹ́ kì í dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Bí Ẹ Bá Fẹ́ Ra Tókunbọ̀

Nínú ìwádìí wa, a kọ́ àwọn ohun kan tí a fẹ́ kí ará mọ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà ṣásí. Mọ́tò tí wọ́n ṣe láti ọdún 1981 wá sábà máa ń ní àmì 17. Nínú èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún mọ́tò: 5 jẹ́ 2005, 8 jẹ́ 2008, A sì jẹ́ 2010. Bí ẹnu oníṣòwò àti àmì yìí kò bá bára mu, ẹ máa lọ sílé yín.

Ẹ wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin ń bẹ lára rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà a máa gbó bí kò tilẹ̀ rìn.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Mọ́tò tí omi ti bò rí a máa rùn, a sì máa dípẹtà níbi tí ojú kò tó. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n ti gbé e gbóná kí ẹ tó dé. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ gbọ́ bí ó ti ń ṣí ní tútù. Kí ẹ sì mú mẹkáníìkì tiyín dání.

Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Parí Sí

A kò ra Celica tuntun náà. A fi oṣù méje kó owó jọ, a kò yá kọ́bọ̀, a sì ra Corolla onílẹ̀kùn mẹ́rin ti ọdún 2005. Kò sí ọmọdé tí ń sáré jáde wò ó ní Ìgbayè. Ṣùgbọ́n Màmá ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ó sì ń jókòó láìtẹ̀ ba.

Mọ́tò Bàbá ńkọ́? Ẹni tí ó ní owó tí yóò fi tọ́jú rẹ̀, tí ó ní mọ́tò mìíràn tí ilé ń lò, tí ó sì ní àyè tí òjò kò ti ní pa á, lè tọ́jú irú rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àwa kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó ti ń tún un ṣe láti ìgbà ayé Bàbá ni a tà á fún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó san owó náà, kò sì tó ohun tí ẹlòmíràn ìbá san. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kò ní tú u tà ní pápá pápá.

Ní ọjọ́ tí ó wá gbé e, àkọ́bí wa sunkún. Baálé ilé wa wọ yàrá lọ, kò sì jáde títí mọ́tò fi lọ. Màmá ni ó bá wa sọ ọ̀rọ̀ tí a kò lè gbàgbé. Ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí bàbá yín lè máa gbé wa dé ilé ni ó ṣe ra mọ́tò. Kò rà á kí a máa bọ ọ́.”

Ẹ̀yin ará, kí ni ó wà ní àgbàlá tiyín tí kò gbé yín délé mọ́? Ẹ jókòó tọkọtaya, ẹ gbàdúrà, ẹ mú bébà àti bírò, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú tàbí ìyangàn bá yín ṣe ìṣirò náà. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n nínú ilé wa. Àmín.