Kí ọ̀ta má baà lé òpè sá: Bí tọkọtaya, bàbá àtọmọ ṣe lè yan géèmù tí ẹni méjì yóò jọ gbádùn

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ọpọ́n ayò rí mọ̀ pé orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ ayò ta ni wọ́n ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ló ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 48. Iye tí ọ̀ta ní níbẹ̀rẹ̀ náà ni òpè ní. Síbẹ̀, kí òpè tó ka èyí tó wà níwájú rẹ̀ tán, ọ̀ta ti kó o lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òpè á rẹ́rìn-ín. Bó bá di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, tí ọ̀ta sì tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òpè á gbọn aṣọ rẹ̀, á dìde, kò sì ní fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lóde òní nídìí ẹ̀rọ géèmù tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń so mọ́ tẹlifíṣàn. Ọkọ tó ti ń ta á láti kékeré á ní kí ìyàwó òun wá bá òun ta á. Ọmọ tó ti ìlú ńlá dé á gbé páàdì lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Kò ní pẹ́ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta á fi gbé páàdì sílẹ̀, tí yóò sọ pé eré ọmọdé ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi òpè. Géèmù tí wọ́n yàn ni kò dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ní Mahintedo àti àwọn ìlú mìíràn tó wà létí omi ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Ondo, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ eré lásán lọ. Ọmọ tó ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ lókèèrè kì í lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ nílé bí ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Àjíǹde bá dé. Iná ọba sì ti di àwátì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní àwọn ìlú púpọ̀ ní Gúúsù Ondo, tó fi jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń tan tẹlifíṣàn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó epo ti gbéra. Bí ọmọ bá wá fi wákàtí méjì tí iná wà dá géèmù ta, tí bàbá ń wò ó láti ẹ̀yìn, tàbí bí ọkọ bá gbá góòlù mẹ́jọ wọlé ìyàwó rẹ̀ tí ìyàwó kò rí ẹyọ kan dá padà, epo ti jó, ọjọ́ ọdún ti lọ, kò sì sí ẹni tó jàǹfààní.

Bí géèmù ẹlẹ́ni méjì ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló gbà pé géèmù jẹ́ ohun tí ọmọ kan ń dá jókòó ṣe nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Pong, géèmù tí iléeṣẹ́ Atari ṣe lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lọ́dún 1972, ẹni méjì ló ń ta á. Ohun kan ṣoṣo tí olúkúlùkù ní láti ṣe ni kó máa yí bọ́tìnnì kan, kí igi rẹ̀ lè máa lọ sókè sódò láti fi dá bọ́ọ̀lù padà. Kò sẹ́ni tó nílò olùkọ́ kó tó lè ta á.

Lọ́dún 1983, iléeṣẹ́ Nintendo ní Japan gbé ẹ̀rọ Famicom jáde. Ayédèrú ẹ̀rọ yìí ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ mọ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń ki káséètì bọ̀ lórí. Super Mario Bros. tó jáde lọ́dún 1985 gba ẹni méjì, ṣùgbọ́n tẹ̀lé-mi-n-tẹ̀lé-ọ ni: bí Mario ti ẹnì kan bá kú ni ẹnì kejì á tó gba tirẹ̀. Contra ní tiẹ̀ jẹ́ kí ẹni méjì jọ wà lójú tẹlifíṣàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jọ dojú kọ ọ̀tá.

Sony gbé PlayStation jáde ní Japan lóṣù Kejìlá ọdún 1994, PlayStation 2 sì tẹ̀lé e lóṣù Kẹta ọdún 2000. Iye PlayStation 2 tí wọ́n tà káàkiri àgbáyé lé ní mílíọ̀nù 150, kí wọ́n tó ṣíwọ́ àtiṣe é lọ́dún 2013. Ẹ̀rọ yìí ló gbilẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù wa. Ibẹ̀ ni òfin kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́: ẹni tó bá borí á dúró, ẹni tó bá fìdí rẹmi á gbé páàdì fún ẹlòmíràn. Òfin náà dára fún ẹni tó ń sanwó ní ṣọ́ọ̀bù tí èrò pọ̀ sí. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé e wálé, ẹni tó yẹ kó kọ́ eré náà ni yóò kọ́kọ́ gbé páàdì sílẹ̀.

Ohun tó ń lé òpè sá

Ohun mẹ́rin ló máa ń lé òpè sá. Àkọ́kọ́ ni bọ́tìnnì. Páàdì PlayStation 2 ní bọ́tìnnì tó lé ní mẹ́wàá, láìka ọ̀pá kéékèèké méjì tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tì. Ẹni tó ti ń ta á láti ọmọdé kì í wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Òpè ní láti wo páàdì, kó tún wo tẹlifíṣàn, kí ó tó gbójú sókè, ó ti bọ́.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ojú ìwòye. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù òde òní, ọ̀pá kan ló ń mú ènìyàn rìn, ọ̀pá kejì ló ń yí ojú ibi tó ń wò. Ṣíṣe méjèèjì pọ̀ ló ń dá ojora sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Ó máa ń dojú kọ ògiri tàbí òfuurufú, á sì máa béèrè ibi tí òun wà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ti gbàgbé pé wọ́n kọ́ ọ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rò pé òpè ò fọkàn sí i.

Ìkẹta ni ìyà tó wà fún àṣìṣe. Bí géèmù bá ń dá ènìyàn padà síbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ṣubú, ibẹ̀rẹ̀ náà nìkan ni òpè yóò máa rí. Ìkẹrin ni pé kí ẹni méjì dojú kọ ara wọn nígbà tí agbára wọn kò dọ́gba. Eré ìjà bíi Tekken àti Mortal Kombat àti eré bọ́ọ̀lù wà lára irú èyí. Ti Mortal Kombat tilẹ̀ tún ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú. Òun wà lára ohun tó fà á tí àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà fi jókòó lé ọ̀rọ̀ géèmù lóṣù Kejìlá ọdún 1993, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye ọjọ́ orí tó yẹ sára páálí géèmù lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ó yẹ kí òbí máa wo àmì náà kí wọ́n tó ra géèmù.

Ẹ jẹ́ kó dà bí ọkọ̀ ojú omi

Apẹja tó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ sódò kì í bá a díje. Bàbá á jókòó sẹ́yìn, á di àjẹ̀ mú, òun ni yóò darí ọkọ̀. Ọmọ á wà níwájú, á máa gbọ́n omi tó bá wọlé, á máa bá bàbá rẹ̀ fa àwọ̀n. Iṣẹ́ ọmọ kéré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni. Ọkọ̀ kan náà ló gbé wọn, ẹja kan náà ni wọ́n jọ gbé wálé. Ní ìgbà díẹ̀ sí i, ọmọ náà á gba àjẹ̀.

Irú géèmù bẹ́ẹ̀ wà. Nínú Super Mario Galaxy, tí Nintendo ṣe fún ẹ̀rọ Wii lọ́dún 2007, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ló ń darí Mario. Ẹnì kejì kàn ń na páàdì sí tẹlifíṣàn láti fi kó ìràwọ̀ jọ, ó sì lè dá ọ̀tá dúró kó má baà pa Mario. Kò lè ṣubú, kò sì lè ba eré jẹ́. Super Mario Odyssey ti ọdún 2017 tẹ̀lé irú ìlànà yìí: ẹnì kan ń darí Mario, ẹnì kejì ń darí fìlà rẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ní ènìyàn tirẹ̀ lójú eré, àwọn géèmù Lego dára púpọ̀. Lego Star Wars jáde lọ́dún 2005, ó sì wà fún PlayStation 2. Bí ènìyàn bá kú níbẹ̀, owó eré díẹ̀ ló máa jábọ́ lára rẹ̀, á sì jí padà níbi tó wà. Bí ìyá bá fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, ó lè gbé páàdì sílẹ̀ kí ẹ̀rọ gba ipò rẹ̀, kó sì padà wọlé nígbàkigbà. Nínú New Super Mario Bros. Wii ti ọdún 2009, bí ibì kan bá le ju agbára òpè lọ, ó lè tẹ bọ́tìnnì kan kó wọ inú ìfófó, kí ẹnì kejì gbé e kọjá.

Àwọn àgbàlagbà tí ọwọ́ wọn kò yá nídìí bọ́tìnnì yóò gbádùn Wii Sports ti ọdún 2006 ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ènìyàn ṣe ń ju apá ní ti gidi láti gbá tẹníìsì tàbí láti yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti inú tẹlifíṣàn yóò ṣe máa ṣe. Níhìn-ín, bàbá àgbà lè borí ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ eré ìje ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́, Mario Kart 8 Deluxe ti ọdún 2017 ní ètò kan tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa sáré fúnra rẹ̀, kó má sì yà kúrò lójú ọ̀nà.

Méjì wà tó gba ìṣọ́ra. Overcooked ti ọdún 2016 jẹ́ eré ilé ìdáná: ẹnì kan ń gé nǹkan, ẹnì kan ń fọ abọ́, aago sì ń lé wọn. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ariwo náà pọ̀. It Takes Two ti ọdún 2021 kò ṣe é dá ta rárá, àfi ẹni méjì. Ìtàn rẹ̀ dá lórí tọkọtaya kan tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n di bèbí, tó sì di dandan kí wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Òun ló gba ipò kìn-ín-ní ní ayẹyẹ The Game Awards lọ́dún náà. Síbẹ̀, ọ̀pá méjèèjì ni wọ́n fi ń ta á, fún ìdí yìí, ó dára kí òpè ti mọ páàdì díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀ta ni iṣẹ́ pọ̀ sí

Bó bá jẹ́ pé géèmù bọ́ọ̀lù nìkan ló wà nílé, kò burú. Géèmù FIFA, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí EA Sports FC lọ́dún 2023, àti Pro Evolution Soccer, tó di eFootball lọ́dún 2021, gba kí ẹni méjì wà ní ẹgbẹ́ kan náà láti kojú ẹ̀rọ. Èyí ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kojú ara wọn, kí ọ̀ta mú ẹgbẹ́ tí kò lágbára, kí òpè mú èyí tó lágbára jù. Kí wọ́n kọ́ ọ ní bọ́tìnnì méjì péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn àti èyí tí wọ́n fi ń gbá a sílé.

Ohun tó burú jù tí ọ̀ta lè ṣe ni kó já páàdì gbà lọ́wọ́ òpè láti fi bó ṣe yẹ kó ṣe é hàn án. Ẹnu ni kó fi júwe rẹ̀, kó sì ní sùúrù. Kí ó má mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n borí òun nígbà gbogbo, nítorí àgbàlagbà tètè máa ń mọ̀, ó sì máa ń dùn wọ́n. Kí wọ́n sì dá eré dúró nígbà tí ó ṣì ń dùn, bí ìṣẹ́jú 30 sí 40.

Ọmọ tó gbọ́n á tún fi ọpọ́n ayò kún un. Bí wọ́n bá ta géèmù tán, kí bàbá gbé ọpọ́n jáde. Níbẹ̀, ọmọ ló di òpè, yóò sì rí bó ṣe máa ń rí lára.

Iná, owó àti afẹ́fẹ́ òkun

PlayStation 2 àti Wii kò ní tuntun mọ́, àlòkù ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò rà. Kí wọ́n tan án níṣojú ẹni tó ń rà á, kí wọ́n dán páàdì méjèèjì wò, kí wọ́n sì rí i pé káàdì tó ń tọ́jú ibi tí eré dé wà pẹ̀lú PlayStation 2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò máa padà sí.

Fún ibi tí kò sí iná, Nintendo Switch tó jáde lọ́dún 2017 rọrùn jù, torí ó ní bátìrì tirẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde lè lo wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́fà àbọ̀, bí géèmù bá ṣe wúwo sí. Páàdì rẹ̀ ṣe é tú sí méjì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Kí ẹni tó ń rà á ṣọ́ra fún Switch Lite, nítorí páàdì tirẹ̀ kò ṣe é tú.

Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ kó tó ki ẹ̀rọ bọ iná, kó sì yọ ọ́ kó tó pa jẹnẹrétọ̀. Létí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ irin inú ẹ̀rọ. Kí wọ́n nù ún pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ lẹ́yìn eré, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí.