Àyè Tó Ṣì Gbóná

Bí kernel, tó jẹ́ ọkàn operating system, bá ń wá àyè nínú mẹ́mórì, kì í ṣe ibi tó bá ṣáà ti ṣófo ló yẹ kó rí gbà. Àyè méjì lè tóbi bákan náà, kí ọ̀kan mú iṣẹ́ yá, kí èkejì sì fà á sẹ́yìn. Cache, mẹ́mórì kékeré tó yára tó wà nítòsí processor, ló fà á. Bí ohun tí processor ń wá bá wà nínú cache tó sún mọ́ ọn jù, ìgbésẹ̀ 4 tàbí 5 ti tó o. Bó bá di pé ó ní láti dé RAM, mẹ́mórì ńlá tó jìnnà díẹ̀, ó lè lé ní 100.

Lọ́dún 1994, Jeff Bonwick ti iléeṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà gbé slab allocator, ètò tó ń pín àyè mẹ́mórì, jáde fún operating system Solaris 2.4. Oríṣi nǹkan kan náà ni kernel ń tọrọ àyè fún ṣáá, tó ń dá a padà, tó tún ń tọrọ. Bonwick bá gé ojú-ewé mẹ́mórì sí ìwọ̀n kan náà sílẹ̀ dè é. Èyí tí wọ́n bá dá padà kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ fún ẹni tó bá tún dé, torí ó ṣeé ṣe kó ṣì gbóná, ìyẹn ni pé kó ṣì wà nínú cache.

Ibi tí ọgbọ́n ọkùnrin yìí ti wú mi lórí jù nìyí. Ẹ mú cache 32 kílóbáìtì tó wọ́pọ̀: ìlà 64 ló ní, àyè 8 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, báìtì 64 nínú àyè kọ̀ọ̀kan. Àdírẹ́sì nǹkan ló ń sọ ìlà tó lè jókòó sí. Ẹ fi 64 sọ 64 di púpọ̀: 4,096 ni, ìwọ̀n ojú-ewé mẹ́mórì tó wọ́pọ̀ gẹ́lẹ́. Nítorí náà, ohun tó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ojú-ewé, ojú-ewé yòówù kó jẹ́, orí ìlà kan ṣoṣo náà ló ń já sí. Ọgọ́rùn-ún wọn á máa du àyè 8, wọ́n á máa ti ara wọn jáde, ìlà 63 yòókù á sì wà lófìfo.

Báwo ni Bonwick ṣe tú wọn ká? Ká ní a gé 4,096 sí báìtì 600-600: 6 ló jáde, 496 ṣẹ́ kù. Àjẹkù yẹn, tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ló lò. Ojú-ewé àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 0, èkejì láti 64, ẹ̀kẹta láti 128, títí dé 448, kó tó padà sí 0. Àwọ̀ ni wọ́n ń pe ìyàtọ̀ ibi ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Báìtì kan ṣoṣo kò bá a lọ.

Nígbà tí processor di púpọ̀ nínú ẹ̀rọ kan, ohun tó gbóná nínú cache ọ̀kan di tútù lọ́wọ́ èkejì. Lọ́dún 2001, Bonwick àti Jonathan Adams ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fún processor kọ̀ọ̀kan ní àpò àyè tirẹ̀. SLUB, irú ètò slab yìí tó nìkan ṣẹ́ kù nínú Linux láti 2024, kì í lo àwọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ya àyè sọ́tọ̀ fún processor kọ̀ọ̀kan.