Kí Àgbàdo àti Ẹ̀wà Wa Má Bàjẹ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a kórè tán tí kò dé ẹnu ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ní 2011, àjọ FAO ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ tí gbogbo ayé ń pèsè ló ń ṣòfò.

Àgbàdo àkọ́kọ́ máa ń gbó ní oṣù Keje sí Ìkẹjọ, nígbà tí òjò kò tíì dá. Àgbẹ̀ tó ń bẹ̀rù kòkòrò a tà á lọ́pọ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń tà. Nígbà tó bá di ọ̀dá, òun náà a tún máa fi owó gọbọi ra àgbàdo fún ọmọ àti adìyẹ rẹ̀. Àjẹṣẹ́kù ni à ń pe ẹgbẹ́ wa. Bí a bá ń tọ́jú owó, tí kòkòrò sì ń jẹ oúnjẹ wa láìṣẹ́kù, èrè wo ni a jẹ?

Ọ̀tá méjì ló wà: kòkòrò àti bíbu. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bu lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó sì lè fa jẹjẹrẹ. Oúnjẹ ẹ̀pà tó ní májèlé yìí ló pa tòlótòló tó lé ní 100,000 ní Ìlú Ọba ní 1960. Sísè kò pa á run. Oògùn apakòkòrò tí a bù lé ẹ̀wà lórí náà kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ: nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà ní 2015.

Àwọn baba wa ń kó àgbàdo sí àjà lókè ààrò, kí ooru àti èéfín lè lé ọ̀rinrin àti kòkòrò. Ọgbọ́n náà kò yí padà: ká gbẹ ẹ, ká sì sé kòkòrò mọ́. Ohun tí ó yẹ ká ṣe nìyí:

1. Ẹ má ṣe sá a sórí ilẹ̀ lásán. Ẹ tẹ́ tapólì, ẹ sì ṣa èyí tó bu kúrò.

2. Ẹ fi iyọ̀ dán an wò. Ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ da àgbàdo sí i títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ. Bí kò bá lẹ̀, ẹ tún sá a sí i fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó dì í.

3. Ẹ lo àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀rá méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò híhun sì wà lóde. Láti 1987 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀wà ní Kamẹrúùnù, tí àpò yìí fi jáde. Ẹ di ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gírígírí. Kòkòrò inú rẹ̀ a mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, a sì kú láìsí oògùn.

4. Ẹ gbé àpò lé orí pákó, kó jìnnà sí ògiri. Ẹ má jẹ́ kí eku rí i lu.

Àpò yìí wọ́n ju àpò lásán lọ, ṣùgbọ́n a lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí kò bá lu. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: a rọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n jọ ra àpò àti tapólì, kí wọ́n sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìpamọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ìkórè tó dé.