Ẹ̀fọn Mẹ́ta Inú Ilé: Ẹ Dá Wọn Mọ̀ Kí Ẹ Lè Dènà Wọn



Ẹ̀fọn ni gbogbo wa ń pe kòkòrò tíńtín tí ń kùn létí wa lóru. Àwọn mìíràn a máa pè é ní yànmùyánmú. Orúkọ kan náà ni a fún wọn, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. Irú mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ ní àyíká ilé wa. Ibi tí wọ́n ń yé ẹyin sí yàtọ̀, àkókò tí wọ́n ń jẹ ènìyàn yàtọ̀, àìsàn tí wọ́n ń gbé kiri sì yàtọ̀. Ìyá tí ó bá rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lè gbá gọ́tà mọ́ tónítóní, kí ó sì ta àwọ̀n sórí ibùsùn, síbẹ̀ kí ẹ̀fọn mìíràn máa ti inú ìkòkò omi ilé ìdáná jáde wá jẹ ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà

Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Anopheles. Bí ó bá bà lé ògiri, ẹ wò ó dáadáa: yóò dorí kodò, yóò sì gbé ìdí sókè, bí ìṣó tí a kàn mọ́ ògiri tí kò dúró ṣánṣán. Òru ni ó ń jẹ ènìyàn, pàápàá láti ìgbà tí ilé bá ti sùn títí di ìdájí. Omi òjò tí ó dá rogún sí ojú ẹsẹ̀ màlúù, ojú ipa táyà ọkọ̀ àti kòtò tí a ti wa yẹ̀pẹ̀ ni ó fẹ́ràn. Ní ìlú ńlá, a ti ń rí i nínú omi ìdọ̀tí pẹ̀lú. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti àwọn aboyún ni ibà tí ó ń gbé kiri ń ṣe ní jàǹbá jù lọ.

Ẹ̀fọn ojú gọ́tà

Èyí ni Culex. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ilẹ̀, bí ó bá sì bà, gbogbo ara rẹ̀ a tẹ́ bá ògiri dọ́gba. Òun náà ń jẹ ènìyàn lóru. Gọ́tà, ṣáláńgá àti kòtò omi ìwẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ó ń da oorun rú, ọmọ a sì máa họ ojú ibi tí ó jẹ títí yóò fi di egbò, ṣùgbọ́n kò lè gbé ibà. Nítorí náà, bí ariwo ẹ̀fọn bá pọ̀ nínú yàrá, kò fi hàn pé ibà ni yóò tẹ̀ lé e; bí kò bá sì sí ariwo, ẹ má ṣe sọ pé ewu ti kọjá.

Ẹ̀fọn ọ̀sán

Dúdú ni Aedes, ilà funfun sì wà ní ẹsẹ̀ àti ara rẹ̀. Ojúmọmọ ni ó ń jẹ ènìyàn, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi tí ó mọ́ ni ó ń wá: inú àmù, àgbá, táyà àlòkù àti agolo. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú láàrin ìlú. Ní ọdún 1987, ibà pọ́njú jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Ẹ̀fọn tí a fi omi mímu sìn nínú ilé ni ó tàn án kálẹ̀.

Ara ìkòkò nínú, lókè omi díẹ̀, ni ó ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Bí omi bá gbẹ, ẹyin náà lè wà láàyè fún oṣù púpọ̀. Bí omi bá tún dé, yóò pa. Dída omi nù nìkan kò tó.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

1. Ẹ yan ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀. Ẹ da omi àmù àti àgbá nù, ẹ fi kànìnkànìn fọ inú wọn gírígírí, kí ẹ sì dé wọn pinpin. Ẹyin a máa di ẹ̀fọn tí ń fò ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10; ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá.

2. Ẹ di kòtò, ẹ la ojú gọ́tà, ẹ bo ṣáláńgá, ẹ kó agolo àti táyà àlòkù kúrò ní àgbàlá.

3. Ẹ sùn sábẹ́ àwọ̀n olóògùn ní alaalẹ́. Ọmọ ọwọ́ tí ń sùn lọ́sàn-án náà nílò rẹ̀.

4. Nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 9, ẹ rí i pé ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú.

5. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó fún un ní oògùn ibà. Bí ẹyinjú rẹ̀ bá pupa rúsúrúsú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú tàbí ẹnu rẹ̀, ẹ má ṣe dúró rárá.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Kí ẹ tó di ẹ̀bi ru ẹrẹ̀ ìta, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìkòkò omi yín wò.