KÍ LÓ DÉ TÍ ERÉ ORÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ILÉ KÒ ṢÍ MỌ́?

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ohun kan tí yóò wúlò nínú ilé. Àwọn mìíràn yóò sọ̀rọ̀ lórí ìlera àti ẹ̀kọ́. Èmi yóò sọ̀rọ̀ lórí eré ọmọdé. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni o. Eré kan tó kọ̀ tí kò ṣí ló mú kí n dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ní ọdún 2021, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Ní ìparí oṣù Kínní ọdún náà, ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nílé wa ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò. Eré kan wà tó máa ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún oníbàárà. Lọ́jọ́ yẹn, ibi tí eré yẹ kó wà di àpótí aláwọ̀ eérú, wọ́n sì kọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sínú rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò lò ó mọ́." Mo ní kó dákẹ́, mo ní fáírọ́ọ̀sì ni.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún un ṣe lọ́jà. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní fáírọ́ọ̀sì ti jẹ inú rẹ̀ tán, àfi kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Ó gba 6,500 náírà lọ́wọ́ mi. Mo délé, mo tan án, eré kò ṣí. Èyí tó burú jù ni pé ìwé owó ìsìnkú ẹgbẹ́ wa, tí mo ti ń kọ sínú kọ̀ǹpútà yẹn láti ọdún 2008 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ìnáwó, ti parẹ́ pátápátá. N kò ní ẹ̀dà rẹ̀ kankan níbòmíràn.

Ẹ rántí wàhálà tó tẹ̀lé e. A ní kí oníkálùkù mú rìsíìtì wá. Ìyá wa kan kó tirẹ̀ wá nínú agolo mílíìkì, ó pé láìku ẹyọ kan. Opó kan kò mọ ibi tí olóògbé ọkọ rẹ̀ kó ìwé sí; ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan la gbà gbọ́, àwọn kan sì kùn. Oṣù méje la fi tún ìwé náà kọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí gbogbo wa mọ ohun tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ náà.

KÍ NI Ó PA ERÉ NÁÀ?

Eré orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbé inú kọ̀ǹpútà wa. Ojú òpó kan ló wà, a sì ń fi búráúsà bíi Chrome, Firefox tàbí Edge ṣí i. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, búráúsà nìkan kò lè dá eré ṣe. Ó nílò olùrànlọ́wọ́, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ nílò ẹni tí yóò máa fín ẹwìrì. Olùrànlọ́wọ́ tó gbajúmọ̀ jù ni Flash Player. Ilé iṣẹ́ Macromedia ló ń ṣe é kí Adobe tó ra Macromedia ní ọdún 2005. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré ni wọ́n fi Flash ṣe.

Flash ní ihò púpọ̀ tí olè ń gbà wọlé. Tẹlifóònù iPhone, tó jáde ní 2007, kò gbà á láyè rárá. Nígbà tó yá, ìlànà HTML5 dé, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014. Búráúsà lè dá fídíò àti eré ṣe fúnra rẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2017, Adobe kéde pé àwọn yóò fi Flash sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ lóòótọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tó sì di ọjọ́ 12 oṣù Kínní ọdún 2021, Flash Player fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dènà eré. Eré oko FarmVille tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe lórí Facebook kógbá wọlé lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá yẹn kan náà. Bákan náà ni eré tí wọ́n fi Java ṣe: Chrome ti lé e jáde láti 2015, Firefox ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017.

Ẹ rí i báyìí? Kọ̀ǹpútà mi kò ṣàìsàn. Kò sí fọ́ọ̀màtì tó lè jí eré yẹn. Ọmọdé ti ka ìdí rẹ̀ fún mi, mo ní kó dákẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ YẸ̀ Ẹ́ WÒ NÍLÉ

Bí eré kan bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ báyìí, láti orí èyí tó rọrùn jù.

Èkínní: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀. Bí ẹ bá rí Flash, Java, Shockwave tàbí Unity Web Player níbẹ̀, eré àtijọ́ ni. Ẹ fo gbogbo ìyókù, ẹ lọ sí abala tó kàn.

Èkejì: ẹ ṣí ojú òpó mìíràn àti eré mìíràn. Bí ìwọ̀nyí bá ṣí, ara ojú òpó ti àkọ́kọ́ ni àbùkù wà. Bí kò bá sí èyí tó ṣí, ẹ wo dátà yín.

Ẹ̀kẹta: ẹ wo déètì àti aago kọ̀ǹpútà. Èyí kàn wá gan-an níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Bátìrì kékeré kan wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ. Èyí tó wọ́pọ̀ ni wọ́n kọ CR2032 sí lára. Òun ló ń rántí aago nígbà tí kò bá síná. Bí ó bá kú, kọ̀ǹpútà lè padà sí ọdún 2009 ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án. Ojú òpó òde òní ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Bí kọ̀ǹpútà bá rò pé 2009 la wà, yóò ní ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, yóò sì kọ̀ láti ṣí i. Ẹ tún déètì ṣe, kí ẹ sì pààrọ̀ bátìrì náà.

Ẹ̀kẹrin: ẹ tẹ Ctrl àti F5 pọ̀. Búráúsà máa ń tọ́jú ẹ̀dà ojú òpó pamọ́ láti lè yára; bí ẹ̀dà náà bá ti bàjẹ́, èyí yóò mú kó lọ gbé tuntun.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ ṣí ojú fèrèsé ìkọ̀kọ̀. Nínú Chrome àti Edge, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti N pọ̀. Nínú Firefox, Ctrl, Shift àti P. Bí eré bá ṣí níbẹ̀, ohun kan tí ẹ fi kún búráúsà yín, bíi èyí tó ń dí ìpolówó lọ́wọ́, ló sábà máa ń fà á. Ẹ pa á ná, kí ẹ tún un wò.

Ẹ̀kẹfà: bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn eré tí ojú rẹ̀ sì dúdú, ẹ wo ètò búráúsà níbi tí wọ́n kọ System sí, kí ẹ rí i pé wọ́n tan ìrànlọ́wọ́ àwòrán tó wà níbẹ̀. Ojú òpó get.webgl.org yóò fi àpótí kan tó ń yí hàn yín bí kọ̀ǹpútà yín bá lè ṣe irú eré bẹ́ẹ̀.

Èkeje: ẹ wo ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà. Microsoft dẹ́kun àtúnṣe fún Windows XP ní 2014, fún Windows 7 ní oṣù Kínní ọdún 2020. Láti oṣù Kejì ọdún 2023, Chrome tuntun kò wọ Windows 7 mọ́. Búráúsà tó ti gbó kò lè ka eré tuntun.

ERÉ ÀTIJỌ́ ŃKỌ́?

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló kú. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ruffle, tó ń ṣe bí Flash nínú búráúsà òde òní láìsí ihò olè àtijọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni ilé ìkówèésí Internet Archive ti ń fi í ṣí ọ̀pọ̀ eré Flash tí wọ́n kó pamọ́. Ètò Flashpoint, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, náà ti kó ọ̀kẹ́ àìmọye eré jọ fún àwọn tó ń lo Windows. Ṣùgbọ́n eré tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ín, bíi FarmVille ti Facebook yẹn, kò ṣeé jí lọ́nà yìí.

Ìkìlọ̀ ńlá rèé o: bí ojú òpó kan bá ní kí ẹ wá gba Flash Player tuntun, olè ni. Kò sí Flash Player tuntun fún ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Adobe fúnra wọn ní kí a yọ ti àtijọ́ kúrò. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń tan jẹ.

Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ọ̀màtì kọ̀ǹpútà yín nítorí eré. Bí ó bá di dandan fún ìdí mìíràn, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì yín sórí nǹkan mìíràn, kí ẹ ṣí i lójú ara yín kí ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́. Láti ọdún 2021, ìwé owó ìsìnkú wa wà ní ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lórí fulaṣi lọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà, ọ̀kan lórí bébà nínú àpótí ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú yín lè béèrè láti rí i.

Ní ti ọmọ-ọmọ mi, ọdún méjì kọjá kí n tó gbọ́ nípa Ruffle. Mo wá eré rẹ̀ rí, mo pè é. Ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó se oúnjẹ fún oníbàárà mẹ́ta, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá àgbà," ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé mo ní kó dákẹ́ lọ́jọ́sí. Ó ní òun ti gbàgbé. Èmi kò gbàgbé.

Ẹgbẹ́ wa kò níí tú. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.